Òǹtẹ̀ Kẹta Inú Ìwé Sẹ́fíìsì

Ọjọ́ Ajé ni gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ náà kọṣẹ́. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí nígbà tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà jíà kejì kò wọlé mọ́. Nígbà tí obìnrin tó ń wà á fi dé iwájú ilé ìwòsàn kẹta nínú mẹ́sàn-án tó ń yà sí lójoojúmọ́, ọkọ̀ kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké mẹ́tàdínlógún ló wà nínú kúlà lẹ́yìn rẹ̀, yìnyín sì ti ń yọ́. Takisí ló fi gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára àwọn aláìsàn ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, ó ń gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ńlá kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹlẹ́jẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Bó bá ti yọjú, wọ́n á ní kí kálukú fi apá rẹ̀ pamọ́, òun náà á ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, tiwọn ti ṣá, kò sí ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Ọkọ̀ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe é, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ilé àyẹ̀wò máa ń fún un ní ọjọ́ márùn-ún. Bí Sátidé bá mọ́ tí kò sí ọkọ̀, wọ́n á fi ọ̀nà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹni tí wọ́n bá sì ti fún kì í dá a padà.

Ọkọ̀ àlòkù ni, ṣùgbọ́n àlòkù tó ní wáráńtì. Ilé iṣẹ́ tó tà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún ọdún méjì, ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì wà lọ́rùn àwọn, àti pé bí àwọn bá ti gbà láti tún un ṣe, àwọn á yá a ní ọkọ̀ mìíràn lò lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa gbé ọkọ̀ lọ fún sẹ́fíìsì ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, lọ́dọ̀ ọ̀kan lára àwọn mẹkáníìkì tí orúkọ wọn wà lẹ́yìn ìwé sẹ́fíìsì, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Oṣù kọkàndínlógún nìyí. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú ìwé, mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Ẹlẹ́jẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò pẹ́.

Ọjọ́ tí sẹ́fíìsì kẹta pé, àwọn awakọ̀ méjì ló dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n sì fi ọ̀nà ọ̀kan nínú wọn kún tirẹ̀. Ọ̀gá wọn ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà. Mẹkáníìkì tirẹ̀, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ torí pé ó máa ń bá nọ́ọ̀tì tó le sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ, ní kó gbé ìwé yà lójú ọ̀nà. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ti lu òǹtẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ wà nínú kúlà. Ó tún kọ ọ́ sínú bébà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀ pé ọkọ̀ wọlé ní ago mẹ́jọ àárọ̀, ó sì jáde ní ago kan ọ̀sán. Lọ́jọ́ kẹrin, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó wá bá a nílé. Ó da ọ́ìlì tó ti dúdú nù, ó rọ tuntun, ó pààrọ̀ fílítà, ó yẹ ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì wò, ó tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti wo bíréèkì. Kò sí ohun tí sẹ́fíìsì ń bèèrè tí kò ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí òǹtẹ̀ sọ ló ṣe é, kì í sì í ṣe ibi tí òǹtẹ̀ sọ.

Ọdún mẹ́rin ni Jẹ́jẹ́ fi ń kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ ti ń wá. Kò tíì fi òǹtẹ̀ ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́jẹ̀ náà kò sọ.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti wà nílé rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni. Owó iṣẹ́ gbígbé ẹ̀jẹ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi rán an lọ sílé ìwé ní ọdún tó kẹ́yìn. Kò tíì ríṣẹ́, kì í sì í lè jókòó síbì kan. Atọpinpin ni inagijẹ rẹ̀ láti kékeré. Bí wọ́n bá ra ọṣẹ, òun ló máa ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀ tán, tí á wá sọ fún gbogbo ilé pé ìwọ̀n tí wọ́n kọ síwájú kò bá ti ẹ̀yìn mu. Ó ti tú aago ògiri palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti mọ ìdí tó fi ń fi ìṣẹ́jú kan sáré lọ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ẹni tí ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ náà rán wá wò ó ní kì í ṣe ẹ̀bi awakọ̀, irin kan ló ṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún. Ó ku ìwé. Fọ́ọ̀mù náà jẹ́ ojú ewé mẹ́fà, Ẹlẹ́jẹ̀ sì fún àbúrò rẹ̀ kó bá òun kọ ọ́, torí pé òun ní láti lọ bẹ ọ̀gá ilé àyẹ̀wò kó má tíì pe ẹlòmíràn. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé kìlómítà mélòó ni ọkọ̀ ń rìn lọ́sẹ̀. Ó ní kó wo ìwé ìrìn òun lórí tábìlì. Ìwé ìrìn ni ó máa ń kọ ibi gbogbo tó bá dé sí: nọ́mbà ọkọ̀ lókè, orúkọ ilé ìwòsàn, wákàtí tó débẹ̀, àti ìfọwọ́sí nọ́ọ̀sì.

Ìbéèrè yẹn kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wákàtí méjì ni Atọpinpin lò nídìí rẹ̀. Ìwé sẹ́fíìsì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé ìrìn wà lọ́wọ́ òsì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ọjọ́ kan tó wà nínú méjèèjì. Ní ago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọkọ̀ wà ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́. Ní ago mẹ́sàn-án, ó wà ní ìkejì. Ní ago mọ́kànlá, ó wà ní ìkarùn-ún. Bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òǹtẹ̀ ti wí, ọkọ̀ kan náà wà lórí jáàkì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó dìde, ó rìn yí tábìlì ká, ó tún jókòó. Ó dá rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ó ti rí ẹni tó pa gíábọ́ọ̀sì: mẹkáníìkì tí àwọn onílé iṣẹ́ fúnra wọn fi sínú ìwé yìí ló lu òǹtẹ̀ láìfọwọ́ kan ọkọ̀, tó sì rẹ́ ẹ̀gbọ́n òun jẹ, ẹni tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó wo ìwé lẹ́ẹ̀mejì.

Ó kọ ojú ewé kan, ó tò ó bí ẹni ń yanjú ìṣirò: ọjọ́, wákàtí, ibi tí ọkọ̀ wà, ibi tí wọ́n ní ó wà. Ó ṣe ẹ̀dà ojú ewé ìwé ìrìn náà ní ṣọ́ọ̀bù ìkóríta, ó sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ wo ojú rẹ̀ nígbà tí àwọn onílé iṣẹ́ bá ń kà á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í ní àárọ̀ ọjọ́ kejì bóyá ìwé pé, ó ní ó pé ju bó ṣe yẹ lọ.

Akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn káńtà ilé iṣẹ́ náà jẹ́ obìnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ara rẹ̀ yá mọ́ wọn. Ó ní ẹni tó wo ọkọ̀ ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní ọkọ̀ tí Ẹlẹ́jẹ̀ máa lò wà níta, aláwọ̀ eérú, kó má bínú pé ó ń rùn. Ó ṣí ìwé sẹ́fíìsì, ó fi ìka ka òǹtẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó gbé òǹtẹ̀ tirẹ̀ sọ́wọ́. Ó wá ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn.

Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó gbé òǹtẹ̀ kalẹ̀.

“Ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, mà,” ni Atọpinpin wí, ó sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

Ẹlẹ́jẹ̀ na ọwọ́ gba ìwé náà. Kò kà ju ìlà mẹ́ta lọ. Ẹ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, nọ́mbà ọkọ̀ rẹ̀ wà lókè gàgàrà, kò sì sí bó ṣe lè ní ọkọ̀ mìíràn ni òun wà lọ́jọ́ náà.

“Wọ́n ṣe é,” ó ní. “Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ṣe é, nílé mi. Ojú mi ló ṣe.”

“Mo gbà yín gbọ́, màdámù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí òǹtẹ̀ yìí sọ nìyẹn.”

Atọpinpin ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun mú ojú ewé yẹn padà, àṣìṣe ni. Akọ̀wé náà na ọwọ́ gba ìwé náà padà. Ó ní òun ti kà á, òun ò lè ṣe bí ẹni tí kò kà á. Ó ní bí kò bá sí níbẹ̀ ni, òun ì bá ti lu tòun, wọn ì bá sì ti máa wa ọkọ̀ lọ. Ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé àwọn kò gbà á, ó fàlà kan sábẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè, láìgbójú sókè, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì náà gan-an, torí pé òǹtẹ̀ kò hàn tó.

Ó yí ìwé padà, ó wá orúkọ náà fúnra rẹ̀.

Ní ìta, wọ́n kọjá lára ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà. Ẹlẹ́jẹ̀ pe ọ̀gá ilé àyẹ̀wò lórí fóònù, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sà, ó yé mi sà. Wọ́n ti rí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. Ó fi fóònù sínú báàgì.

“Àǹtí mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò bi mí?”

“Mo rò pé—”

“O ò ro nǹkan kan. O kàn yanjú ẹ̀ ni.”

Ẹlẹ́jẹ̀ ní kó máa lọ sílé. Àbúrò rẹ̀ ní òun á bá a lọ bẹ mẹkáníìkì náà, òun á ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àlàyé rẹ̀ ti tó. Ó ń wò ó títí ọmọkùnrin náà fi yà ní kọ̀rọ̀, ó ń rìn kánmọ́kánmọ́ bó ṣe máa ń rìn, kó tó wá gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́ lọ.

Abẹ́ ọkọ̀ ni Jẹ́jẹ́ wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn, bàtà kan ti ya níwájú. Àwọn ọkọ̀ méjì mìíràn tó ní ìwé sẹ́fíìsì lórí dásíbọ́ọ̀dù wọn ń retí rẹ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ẹsẹ̀ náà, kó tó di pé lẹ́tà ilé iṣẹ́ dé. Ó ní òun á lọ sọ fún wọn pé òun ló jí òǹtẹ̀ lù.

Jẹ́jẹ́ yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ó fi àkísà nu ọwọ́ ní ìka kọ̀ọ̀kan.

“Àbúrò yín tó lọ yunifásítì ló kọ ọ́?”

“Òun ni, sà.”

“Ó kọ ọ́ dáadáa?”

“Ó kọ ọ́ dáadáa.”

Jẹ́jẹ́ mi orí bí ẹni tí wọ́n ń ka nǹkan fún. Ó ní kó má lọ sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, irọ́ kan yẹn ti tó àwọn méjèèjì. Ó ní gíábọ́ọ̀sì rẹ̀, kó wá ẹlòmíràn tó máa wò ó. Kò pariwo, kò sì wò ó lójú. Ó dùbúlẹ̀ padà, ó fi gìgísẹ̀ ti ara rẹ̀ wọlé.

Ẹlẹ́jẹ̀ kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, àwọn oníbàárà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ṣì máa wá, pé òun fúnra òun á máa sọ ọ́ káàkiri. Ó ń sọ ọ́ lọ, ó sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ń ró lábẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà kò ró mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí kúrò níbẹ̀,” ni Jẹ́jẹ́ wí. “Ẹ dí mi lójú ìmọ́lẹ̀.”

Ó ṣí kúrò.