Wáyà Bọ́dúnrìn

Ewúrẹ́ ti tún jẹ wáyà tó rọ̀ wálẹ̀. Lórí àkàbà, lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn ní Pòrógun, Bọ́dúnrìn ń fi eyín họ èèpo wáyà tuntun kó lè so ó mọ́ èyí tí ẹran ti gé. Oòrùn ò tíì ga, ó ti rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe tòní, oorun òru kan ò sì lè wò ó sàn.

Onílé yọjú láti ojú fèrèsé. "Bàbá Oníwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín sákárà yẹn kù. Ẹ fi orin ìjọ sí i."

Lánàá, òjúlé kejì ló ní orin ìjọ ti pọ̀ jù. Bọ́dúnrìn so wáyà náà pọ̀. Lónìí ni gbogbo rẹ̀ yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀; ó kàn ṣèlérí pé òun á fi wáyà lé ẹni tó ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ láìsí àbùkù ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé iṣẹ́ tó ń fi wáyà gbé rédíò wọ ilé àwọn èèyàn ti kógbá wọlé, àwọn àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì sì dákẹ́ lára ògiri, aláǹtakùn ń kọ́lé sínú wọn. Bọ́dúnrìn, tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ gun òpó fún ilé iṣẹ́ náà, kò lè gbà. Ó ṣa àlòkù jọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ó fa wáyà láti orí òrùlé dé orí òrùlé. Ẹni tó bá ní àwo orin, kó gbé e wá. Yóò fi sí i, gbogbo ilé yóò gbọ́. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀: ẹni tí wáyà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró; bí aládùúgbò bá fẹ́, kó fà á fún un.

Ó tún ṣe ohun kan tí Susannah, ìyàwó rẹ̀, kò yé bínú sí. Ó fi èédú ya inú ẹ̀rọ náà sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ìfun rẹ̀ pátá, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè wò ó ṣe. Àárín ògiri yẹn gan-an ni ìṣó tí Susannah ń fi àtùpà kọ́ wà. Bọ́dúnrìn ò yọ ọ́. Ó ya àwòrán tirẹ̀ yí i ká. Bí Kérésì bá ti ń bọ̀, Susannah á fi ẹfun kun ògiri. Bí ọdún bá ti lọ, Bọ́dúnrìn á tún un yà.

Ṣùgbọ́n ta ló ṣe é? Ṣe ni àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń fara ti àwòrán náà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn aṣọ nù ún, wọ́n ń ráhùn. Igi kan ò lè dá igbó ṣe, òótọ́ ni, àmọ́ igbó ò tíì wá bá igi. Èyí tó wá dùn ún jù ni ti àwọn ará Ìdómọwò, àdúgbò tí wáyà parí sí. Bí iná bá lọ ní Pòrógun tí ẹ̀rọ dákẹ́ di ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò mọ̀ pé iná ló lọ. Ṣùgbọ́n ní Ìdómọwò, níbi tí iná tiwọn ti sábà máa ń wà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó wá béèrè rí pé kí ló dé. Bó sọ̀rọ̀, bó dákẹ́, ọ̀kan náà ni lójú wọn. Bọ́dúnrìn a máa rò ó, inú rẹ̀ a sì bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi gbà láti fi iṣẹ́ wáyà sílẹ̀ fún Mobọ́lájí tó ń ta àwo orin lẹ́bàá ọjà. Lọ́sàn-án òní ni Mobọ́lájí ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ. Àwo tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nìkan ni wáyà yóò máa kọ. Ẹni tí kò bá sanwó oṣù, wọn á gé tirẹ̀ kúrò. Ó sì ní kí wọ́n pa àwòrán ara ògiri rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Bọ́dúnrìn délé, ó po ẹfun, ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Susannah jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Helen, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó rẹ̀ mí, Susannah."

"Ó ti rẹ̀ yín kí Mobọ́lájí tó yọjú. Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Bọ́dúnrìn ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹfun. Ó kun ògiri láti òkè délẹ̀, ó yí ìṣó po. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó pa ẹ̀rọ, ó yọ wáyà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ilé dákẹ́ kalẹ̀.

Màmá Rachel ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Agbẹ̀bí ni ìyá náà kí ojú rẹ̀ tó fọ́, ilé rẹ̀ ní Ìdómọwò sì ni ìparí wáyà. Kò yẹ kó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu èrò ọ̀nà. Bọ́dúnrìn gun kẹ̀kẹ́, ó ń wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń to ohun tí yóò sọ.

Ó ti gbọ́ sákárà kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé rédíò ni. Ìgbà tó wọlé ló rí Màmá Rachel lórí àga, ó ń mi orí, àpótí ara ògiri sì ń kọrin lọ rẹrẹ.

"Màmá, ẹ kú ilé o."

Ìyá náà gbé orí sókè. "Bọ́dúnrìn? Ìwọ nìyẹn?" Ó nawọ́ sí àpótí. "Ta wá ló jókòó ti ẹ̀rọ?"

Orí Bọ́dúnrìn wú. Ó fọwọ́ kan àpótí. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa! Ó bọ́ síta, ó wòkè. Wáyà ò parí lórí òrùlé Màmá Rachel mọ́. Ó kọjá síwájú, ó gba orí igi máńgòrò, ó tẹ̀ lé ògiri kan, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Ta ni kó bi pé ta ló ní kí wọ́n fà á débẹ̀? Òfin tirẹ̀ náà ni.

Ràmọ́tà ló ni ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó máa ń gbé aṣọ Susannah wá, tó sì máa ń dúró pẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ́dúnrìn ti máa ń rò pé ìyàwó òun ló ń dúró dè.

"Yéè! Bàbá Oníwáyà!" Ràmọ́tà fò dìde nídìí maṣín. "Ẹ má bínú o. Mo ní kó kọ́kọ́ dáa kí n tó pè yín wá wò ó ni."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣín rẹ̀, nínú agolo bisikíìtì ńlá kan tí kò ní ìdérí, ẹ̀rọ kékeré kan ń gbóná.

"Bí tiyín bá ti dákẹ́, mo máa ń so tèmi mọ́ wáyà kí àwọn èèyàn má baà jókòó lásán," ni Ràmọ́tà wí. "Kò lágbára débi Pòrógun. Ìhà ibí nìkan ló ń gbé."

Áà. Ìdí tí ará Ìdómọwò kankan ò fi wá béèrè nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé ó dákẹ́ rí.

Bọ́dúnrìn bẹ̀rẹ̀, ó wo inú agolo. Bó ṣe to tirẹ̀ sára ògiri gẹ́lẹ́ ni Ràmọ́tà to tèyí. Láàárín gbogbo rẹ̀, ìṣó gbọọrọ kan dúró gangan, kò sí ohunkóhun tí wọ́n so mọ́ ọn.

"Kí lèyí?"

"Ìṣó yẹn! Ó fún mi ní wàhálà, Bàbá. Mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ó wà lára tiyín. Mo ní bóyá òun gan-an ló ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín gba ẹnu Bọ́dúnrìn, ó rín in títí ó fi di tábìlì mú. "Ràmọ́tà, ìṣó àtùpà ìyàwó mi ni."

Ràmọ́tà la ẹnu sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Omi ń bọ́ lójú Bọ́dúnrìn, kò sì nù ún. Inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn ún pẹ̀lú, pé gbogbo ìgbà tó rò pé òun nìkan ni, òun nìkan kọ́.

Oníbàárà kan pariwo láti ìta. "Aránṣọ, sákárà yìí ti pọ̀ jù o! Kò sí orin mìíràn ni?"

Ràmọ́tà mí kanlẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni. Wọn kì í yé ráhùn."

"Wọn ò ní yé," ni Bọ́dúnrìn wí. Lónìí, ìráhùn náà ò dùn ún.

"Kí ló dé tí tiyín dákẹ́, Bàbá? Ṣé iná lọ ni?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹfun ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Mobọ́lájí á ti máa múra àtibọ̀. Yóò dé, yóò gbọ́ pé ẹ̀rọ kò lọ síbì kankan mọ́, yóò sì bínú. Kó bínú.

"Iná ò lọ. Èmi ni mo pa á. Ṣé èédú tútù wà nínú áyọ́ọ̀nù rẹ?"

Ràmọ́tà ṣí áyọ́ọ̀nù, ó ṣa èyí tó gùn díẹ̀ fún un, kò bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bọ́dúnrìn dì í sínú áńkáṣífì, ó fi sápò, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ. Bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, àpótí kan sì wà lókè rẹ̀ lára ògiri. Láti ọjọ́ tó ti fa wáyà yìí, ìdí ẹ̀rọ ló máa ń wà. Kò sí àpótí nílé tirẹ̀. Kò jókòó síwájú ọ̀kan rí.

"Mo ń lọ," ó ní, ó sì jókòó. "Jẹ́ kí n gbọ́ èyí tán ná."