Ìwé Tí A Sin Mọ́ Tíṣà Olúṣọlá

Bí Ìyábọ̀dé ti gbé ìrọ̀rí bàbá rẹ̀ sókè, èèpo ẹ̀yìn ìwé kan ló rí níbẹ̀, aláwọ̀ aró, tí wọ́n fi bírò kọ "Ìbùkún" sí lára. Ó yí i padà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó gbọn aṣọ ibùsùn, ó wo abẹ́ ibùsùn, ó tú àwọn ìwé tó wà lórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkàn rẹ̀ ti mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó gbà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé èèpo náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

"Ọlọ́run, jẹ́ kó má jẹ́ pé inú àpò yẹn ló wà."

Kó tó ṣe àmín ló rántí ohùn bàbá rẹ̀. "Ìyábọ̀, bí o bá ń bọ̀ láti ọjà Ipata tí o rí èéfín ládùúgbò ẹ, má gbàdúrà pé kó má jẹ́ ilé wa ló ń jó. Iná ti mọ ilé tó wọ̀. Àdúrà asán nìyẹn."

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Tíṣà Olúṣọlá, bàbá rẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì sí ilé tó kọ́ sí Basin ní Ìlọrin, ìgbà tó pé ọgọ́ta ọdún ni òun náà tó wá di akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọ Júù kékeré kan wà ní àdúgbò Fate, pálọ̀ Alàgbà Danjuma ni sínágọ́gù wọn, gbogbo wọn kò ju méjìdínlógún lọ. Bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán ọjọ́ Sábáàtì tán, àwọn àgbà á to àga yí tábìlì ká, wọn á máa kọ́ ìwé àwọn àgbà Júù ayé àtijọ́, pẹ̀lú àríyànjiyàn tí ará àdúgbò á fi rò pé ìjà ilẹ̀ ni wọ́n ń jà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti wà lórí èyí tó dá lórí ìbùkún: ìbùkún tí a ń sọ sórí oúnjẹ, èyí tí a ń sọ bí ààrá bá sán, èyí tí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀ ń sọ, àti ti ẹni tó gbọ́ ìròyìn burúkú.

Méjì-méjì ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹnì kan á bi èkejì, èkejì á já a nírọ́. Danjuma, ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Ìlọrin, ni ẹnì kejì Tíṣà.

"Ìwọ Danjuma," Tíṣà á ní, "Jímọ̀ ni wọ́n bí ọ, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín Jímọ̀ àti Sábáàtì, ó wá gbà ọ́ ní ogójì ọdún kó o tó dé ibẹ̀."

"Èmi ṣáà ti dé," Danjuma á dá a lóhùn. "Ìwọ tíṣà, ọgọ́ta ọdún lo lò ní kíláàsì kó o tó mọ̀ pé o ò tíì wọlé."

Wọn kì í kọ̀wé lọ́jọ́ Sábáàtì. Ohun tí wọ́n bá bá ara wọn fà títí di ìrọ̀lẹ́, inú orí ni kálukú ń gbé e lọ sílé. Ìgbà tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá yọ lójú ọ̀run, tí Sábáàtì bá ti lọ, Tíṣà á mú bírò. Òun nìkan ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ìyábọ̀dé, tó ń ránṣọ nílé, tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń gbé látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ló máa ń gbé fìtílà, torí iná ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bàbá á sọ gbólóhùn kan sókè kó tó kọ ọ́, á tún un sọ, á wá gbójú sókè.

"Ṣé bó ṣe yẹ kó jẹ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀n, Bàbá."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ìyábọ̀dé ní nínú ìwé náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ kì í jìnnà sẹ́nu. Ní sínágọ́gù, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì ló máa ń jókòó sí, á máa gbọ́.

Òwúrọ̀ Jímọ̀ kan ni Bàbá ò jí mọ́. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kù kí ìwé náà parí.

Bí àyè bá wà, òkú wọn kì í sùn di ọjọ́ kejì, Sábáàtì sì ń bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo nǹkan di wàrà-wàrà. Alàgbà Danjuma ní kí Ìyábọ̀dé kó gbogbo ìwé mímọ́ tó ti gbó, tó ti ya, jáde nínú ilé. Ìwé tí orúkọ Ọlọ́run bá wà nínú rẹ̀, àwọn Júù kì í sun ún, wọn kì í dà á sí ààtàn, sínsin ni wọ́n ń sin ín bí èèyàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kú, ọlá ni fún un kí wọ́n sin irú ìwé bẹ́ẹ̀ tì í.

Màsúdát, ìyá kan, ọmọ Ìlọrin, tó ń gbé ilé kejì, ló di ẹnu àpò mú fún un. "Àwa náà kì í da ewé Kùránì nù," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kó o sí i, ọmọ mi. Kó gbogbo ẹ̀ sí i."

Ìyábọ̀dé kó o. Lábẹ́ ibùsùn, lórí tábìlì, ohunkóhun tí etí rẹ̀ ti ká, tí kò léèpo mọ́, tí òjò ti rẹ. Ẹkún ò jẹ́ kó ka ọ̀kankan. Wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ Bàbá lórí ilẹ̀ tí ìjọ ní lẹ́yìn ìlú, wọ́n gbé àpò náà sí i.

Nísinsìnyí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ti pé, Àtàláátà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Alàgbà Danjuma pè é lórí fóònù. Àṣà wọn ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kú lẹ́nu ìwé, àwọn tó kù á bá a parí rẹ̀ lọ́gbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n tó gba àdúrà òkú lé e. Inú ìwé Tíṣà fúnra rẹ̀ ni wọn yóò ti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Sábáàtì ni ọgbọ̀n ọjọ́ bọ́ sí," Alàgbà sọ, "a kì í sì í ru ẹrù lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kí ìwé bàbá ẹ dé ọ̀dọ̀ mi kí oòrùn Jímọ̀ tó wọ̀."

Ó sì ti dáhùn pé, "Ẹ̀n, Bàbá," kó tó lọ gbé ìrọ̀rí náà sókè.

Ní Àlàrùbá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ọpẹ́yẹmí dé láti Abuja. Ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ń lọ ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tuntun tí Bàbá gbà sì ti da àárín wọn rú fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyábọ̀dé ti sọ fún un, níbi tí Màsúdát ti ń bá wọn ṣa ẹ̀wà.

"Inú àpò tí a sin?" Ọpẹ́yẹmí bi í.

"Òun ni, Bùọ̀dá."

"Ó ti tán nìyẹn. A ó hú u."

"Bùọ̀dá..."

"Ṣé mo ní ká hú òkú ni? Àpò ni mo sọ. Màá wá ẹni méjì tó máa gbẹ́ ẹ láàárọ̀ Jímọ̀, kò ní gbà wọ́n ní wákàtí kan." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ìyábọ̀, ọdún mẹ́wàá ni mi ò fi jókòó bá Bàbá sọ ọ̀rọ̀ gidi. Mo ń bínú pé ó fi wá sílẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ni mo fi lè mọ ohun tó ń wá kiri."

Màsúdát ju òkúta ẹ̀wà kan nù. "O fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ẹ, o wá ń wá ṣọ́bìrì kiri! Nígbà tó wà láyé, ṣé ilẹ̀ la máa ń gbẹ́ ká tó gbọ́ ohùn ẹ̀?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti dákẹ́." Kò dákẹ́. Ó kọjú sí Ìyábọ̀dé. "Ìwọ ńkọ́? Ta lo ń fi pamọ́ fún? Dìde, kó o lọ sọ fún Danjuma yín, Alhaji tí kì í ṣe Alhaji yẹn. Àṣìṣe tó bá sùn mọ́nú, jíjẹrà ló ń jẹrà."

Ní Àlàmísì, Ìyábọ̀dé lọ sí Fate. Alàgbà Danjuma wà nídìí tábìlì ní pálọ̀, àga kan dojú kọ ọ́, òfìfo. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti bí ọdún méjì. Tíṣà ló máa ń kàwé sí i létí. Ìyábọ̀dé kúnlẹ̀, ó gbé èèpo aláwọ̀ aró náà síwájú rẹ̀.

Bàbá arúgbó náà fi ọwọ́ pa á. Ẹ̀rín ti ń yọ lójú rẹ̀ kó tó ṣí i. Ó ṣí i, ìka rẹ̀ ń wá ewé kiri.

"Ìyókù dà?"

"Ó wà nínú àpò tí a sin, Bàbá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó o sí i. Mi ò mọ̀. Èèpo ẹ̀ ló ti bọ́..."

Kẹ̀kẹ́ kan kọjá lójú títì, ó lọ tán. Ìyábọ̀dé tẹ orí ba, ó ń retí kí ó bínú. Ohun tó gbọ́ ni ohùn tó ń gbọ̀n.

"Ìbùkún ni fún Adájọ́ òtítọ́."

Ìbùkún ìròyìn burúkú nìyẹn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní òwúrọ̀ tí Bàbá kú. Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó náà gbé èèpo náà bo ojú, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ó pẹ́ kó tó nu ojú. Ìyábọ̀dé sọ ti àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ fún un.

"Rárá o. Ohun tí a bá fi ọlá fún ilẹ̀, a kì í gbà á padà. Ti Ọlọ́run ni." Ó mí kanlẹ̀. "Bí a ò bá rí nǹkan kà, a jẹ́ pé a ó gbàdúrà òkú lé iṣẹ́ tó já sí méjì. Ẹ̀kọ́ kẹta ní orí kìíní. Kí ni bàbá ẹ sọ níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Èmi kọ́ ló kọ ọ́."

"Ta ló ń gbé fìtílà?"

"Èmi ni."

"Ṣé o bọ́ etí ẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó o tó gbé e ni?"

Ìyábọ̀dé ò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín. Ó di ojú. Ó rí bírò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó rí kòkòrò tó ń yí fìtílà ká. Ó la ẹnu, gbólóhùn àkọ́kọ́ jáde, èkejì tẹ̀ lé e.

"Kí wọ́n tó kọ ìwé yẹn sílẹ̀ láyé àtijọ́," Alàgbà sọ jẹ́jẹ́, "ẹnu lẹni kan fi ń gbé e dé etí ẹnì kejì. Máa bá a lọ."

Kí ọjọ́ tó mọ́ dáadáa ní Jímọ̀, ó ká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ má gbẹ́ ẹ."

"O ti rí ìwé náà?"

"Ẹ tẹ̀ lé mi lọ sí sínágọ́gù lọ́la. Bí mi ò bá lè fẹnu sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ Sunday, èmi ni màá fi ibẹ̀ hàn yín."

Ọpẹ́yẹmí wò ó bí ẹni pé kò rí i rí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ọkọ̀.

Ní ọ̀sán Sábáàtì, Alàgbà Danjuma nawọ́ sí àga tó ṣófo. Láti ilẹ̀kùn kíṣìnì dé ibẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ, àmọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ odò kọjá ló rí fún Ìyábọ̀dé. Ó jókòó. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ohùn rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó dé orí kejì, ó dé ìkẹta, ó gbàgbé ibì kan, Alàgbà fà á yọ fún un. Ní orí kẹfà, Ìníolúwa lọ́yà, ẹni tí kì í gba àríyànjiyàn kó lọ, fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Tíṣà kọ́ ló sọ ìyẹn! Èmi ni mo sọ ọ́, nínú yàrá yìí, Tíṣà sì ní irọ́ ni!"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lóòótọ́, sà," Ìyábọ̀dé dáhùn. "Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó ní, 'Ọmọ yẹn ló jàre, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kó gbọ́ ọ láyé mi.'"

Ẹ̀rín bú. Ìníolúwa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó wá ṣàdédé yíjú sí ògiri, ó ń fọwọ́ nu ojú. Ọpẹ́yẹmí, tó jókòó sẹ́yìn, sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó kan ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn: pé bí èèyàn ti ń bùkún Ọlọ́run lórí ire, bẹ́ẹ̀ ni kó máa bùkún rẹ̀ lórí ibi.

"Bàbá sọ gbólóhùn kan, kò kọ ọ́," Ìyábọ̀dé sọ. "Ó sọ òmíràn, kò kọ ọ́. Ó wá ní, 'Ìyábọ̀, a ó fi àyè sílẹ̀ níbí. Nígbà tí ìyá ẹ kú, ẹnu mi sọ ọ́, ọkàn mi kò bá a sọ. Ọpẹ́yẹmí náà tún lọ, mo sọ ọ́, bákan náà ni. Mi ò lè kọ ohun tí mi ò tíì mọ̀.' Ibẹ̀ ló dúró sí."

Ọpẹ́yẹmí ti da ojú bo orúnkún.

"Ìwọ ńkọ́?" Alàgbà Danjuma bi í. "Orí àga bàbá ẹ lo wà."

"Èmi náà ò mọ̀, Bàbá. Ohun tí mo rí ní Àlàmísì ni mo lè sọ. Mo mú ìròyìn burúkú wá bá yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìbùkún, ẹ tó wá sunkún. Ẹ ò dúró de ọkàn yín." Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. "Bóyá ẹnu ló ń kọ́ lọ ṣíwájú, tí ọkàn á máa bọ̀ lẹ́yìn, bó bá pẹ́ títí. Bàbá rò pé tòun ò dé. Bóyá ojú ọ̀nà ló wà." Ó gbójú sókè. "Ṣé bó ṣe yẹ kó jẹ́ nìyẹn?"

Alàgbà fara ti tábìlì, ó kọjú sí i.

"Ẹ̀n," ó ní. "Ẹ̀n, ọmọ mi."

Wọ́n dìde, wọ́n gba àdúrà òkú fún Tíṣà Olúṣọlá. Ọpẹ́yẹmí ò gbọ́ èdè àwọn Júù tí wọ́n fi ń gbà á. Àmín nìkan ló mọ̀ níbẹ̀, ó ń pẹ́ kí tirẹ̀ tó jáde, lẹ́yìn ti gbogbo èèyàn.

Nígbà tí wọ́n rìn padà dé Basin, ìràwọ̀ mẹ́ta ti yọ. Kò síná. Ìyábọ̀dé mú ìwé tuntun kan, ó fi èèpo aláwọ̀ aró tí Alàgbà dá padà fún un ní Àlàmísì bò ó lẹ́yìn, ó jókòó sídìí tábìlì bàbá rẹ̀. Ó ka ewé dé òpin, ó ya ojú ìwé tó kẹ́yìn sọ́tọ̀ pé a kò ní kọ nǹkan sí i. Ọpẹ́yẹmí gbé fìtílà wá, ó dúró tì í.

"Orí kìíní," Ìyábọ̀dé sọ sókè, kó tó kọ ọ́.