Ohun Tí Eunice Béèrè

Adití ni wọ́n bí àbúrò mi Eunice. Láti kékeré ni mo ti ń gbẹnu sọ fún un. Bí ẹnìkan bá rẹ́ ẹ jẹ lọ́jà, èmi ni mo máa bá onítọ̀hún jà. Mo gbà pé kò sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ tí n kò mọ̀.

Ní ọdún 1968, ìjọ kan gba ilé tó kọjú sí tiwa ní Okitipupa, wọ́n sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ adití. Àdúgbò kò fẹ́ ẹ. Àwọn aboyún kò gba iwájú ibẹ̀ kọjá mọ́. Ṣùgbọ́n bí Eunice bá ti ń mọ púpùrù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, níwájú ilé, tó rí àwọn ọmọ náà tí wọ́n ń fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣe ló máa dáwọ́ dúró, tí á máa wò wọ́n.

Tísà wọn, Catherine, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àìsàn ló di í létí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nítorí náà ó ṣì ń fẹnu sọ̀rọ̀. Ètè ẹni ló máa ń wò kó tó mọ ohun tí a wí. Òun ló ní kí n jẹ́ kí Eunice máa wá sí kíláàsì. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò dí i lọ́wọ́. Àárín àwọn ọmọ kéékèèké ló ń jókòó sí.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án Sátidé kan, àwọn méjèèjì wọlé wá. Tísà kò jókòó.

"Ìyá Lérè, ẹ má bínú," ó ní. "Ó ti tó oṣù méjì tí àbúrò yín ti ń bi mí ní nǹkan kan, mo ní ẹ̀yin ni kó wá bi."

Eunice fi ọwọ́ sọ ọ́. Tísà wo ọwọ́ náà dáadáa.

"Ó ní ta ni ẹ gbé ọmọ òun fún?"

Ọdún kẹtàlá nìyẹn tí ọmọ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin ará Erinje kan ló fẹ́ Eunice, ó sì bí ọmọkùnrin fún un. Ọmọ náà ti ń rá nígbà tí ibà dá òun àti ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A gbé Eunice lọ sí ilé àdúrà ní Igbotako, a fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá wa ní Ìjù-Odò. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ kú. Kí Eunice tó padà dé, ìyá wa ti kó aṣọ ọmọ pamọ́, ọkọ Eunice sì ti bá tirẹ̀ lọ. Eunice ń na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó ń gbá a pẹ́pẹ́, ó ń wo ojú wa. Ilẹ̀ ni àwa ń wò. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. A ní ó ti gbàgbé.

Mo ní, "A ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ó kú ni."

Ètè mi ń gbọ̀n, Tísà kò rí ọ̀rọ̀ náà kà. Ó bẹ̀ mí pé kí n tún un wí. Mo tún un wí.

Eunice kò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ó sọ fún wa pé òun rò pé wọ́n gbé e lọ sí Erinje ni, pé gbogbo ọjọ́ ọjà lòun ń wo ojú àwọn ọmọkùnrin tó bá ti ibẹ̀ wá, tí òun sì ń fi ọdún kan kún ọjọ́ orí ẹni tí òun ń wá bí ọdún bá ti yí. Ó wá béèrè orúkọ tí a sọ ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí.

"Olúyọmí."

Tísà kọ ọ́ sórí síléètì. Ìgbà náà ni Eunice sunkún.

Mo mú un lọ sí Ìjù-Odò. Ìyá wa ti kú, n kò sì mọ ojú ibi tí wọ́n sin ọmọ sí gan-an. Ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀, ni mo nawọ́ sí. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ro èmi tí mo dúró.

Nígbà tí a dé, ó kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Mo rán Tísà sí i pé kó dárí jì mí. Eunice ní kí n fi ọwọ́ ara mi wá sọ ọ́.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ líle mi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, ìrẹsì ló ń fọ̀. Ó wo ọwọ́ mi, ó nu tirẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tẹ ìka mi kan tí kò tọ́ sí ibi tó yẹ kó wà, ó sì ní kí n tún un sọ.