Ọkọ̀ Ayẹta Wọ Lougba

Ẹ̀rù ni Romaric ń tà ní Savalou, ọkọ̀ ayẹta tí ìbọn kì í wọ̀ ló kàn fi ń dì í. Kì í kọ́kọ́ fi ọkọ̀ han ènìyàn rárá. Fídíò orí fóònù ni wàá kọ́kọ́ wò: abúlé tó ń jó, àwọn jàǹdùkú tó gbé ìbọn kọ́rùn. Bó bá rí i pé itọ́ ti gbẹ lẹ́nu rẹ, á wá rọra bi ọ́ pé, "Tó bá wá kan ìwọ náà lọ́la ńkọ́?"

Bó ṣe mú Abdulwasiu elépo nìyẹn, Wasiu ará Bantè, tí olè ò jà rí láyé. Kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ ogun ṣe? Ẹ bá mi bi í o! Ṣùgbọ́n Àdìkẹ́ ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ń dá gbé ní Lougba láàárín oko kajú, fídíò yẹn ò sì jẹ́ kí Wasiu rí oorun sùn mọ́. Ó ta ọ̀kan nínú ilé epo rẹ̀ méjèèjì, ó gba ọkọ̀ ayẹta, ó ní àfi kóun lọ gbé ìyá òun wá sí Bantè lọ́jọ́ náà gan-an.

"Má ṣí dígí o," Romaric kìlọ̀ fún un. "Má sì sọ̀ kalẹ̀ títí wàá fi dé ẹnu ilẹ̀kùn."

Ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu pátápátá! Ní Lougba, ọmọ kékeré mọ̀ pé ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ pa alùpùpù rẹ̀ lẹ́yìn ìlú, kó fẹsẹ̀ rìn wọ̀lú, kó máa kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Wasiu wa irin dúdú náà gba àárín wọn kọjá gìrìgìrì, kò kí ẹnì kan. Nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, kò rí ẹ̀dá alààyè kankan àyàfi adìẹ. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná. Bàtà ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀.

Àyà rẹ̀ já. "Yéè! Wọ́n ti dé ibí!" Ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kó wá ìyá rẹ̀, ó tún fẹ́ yí ọkọ̀ padà kó sá. Kò lè ṣe ọ̀kankan.

Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni, wúyẹ́wúyẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Wasiu, má wá o! Wọ́n ti wọ̀lú. Inú igbó kajú la sá sí. Ọkọ̀ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí, ó ń kùn."

Ojú tì í dé eegun. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀ tòun ti fóònù létí.

"Yéè, ọ̀kan ti bọ́ sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Màmá, èmi ni." Ẹ̀rù ti yí ohùn Wasiu padà, kò jọ tirẹ̀ mọ́.

Ìyá bú sẹ́kún.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba fóònù ọmọ mi, ẹ má pa á fún mi."