Agogo Tíṣà Fálọlá

Ilé-ìwé tí Tíṣà Fálọlá dá sílẹ̀ lábúlé ní 1919 kéré bí àpótí ìṣáná, ṣùgbọ́n agogo rẹ̀ a máa jí òkú ìlú mẹ́ta. Gbémiga, ọmọ ilé-ìwé náà, jí agogo ọ̀hún gbé, ó jù ú sódò. Ọláolú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi, tí wọ́n sì lé kúrò nílé-ìwé. Kò sì mọ̀wé títí dòní.

Àwọn méjèèjì ti di arúgbó ní Langley Park, ní Amẹ́ríkà. Gbémiga ló máa ń ka lẹ́tà ilé fún Ọláolú. Lọ́jọ́ kan ní 1995, ó dá lẹ́tà kíkà dúró láàárín.

“Ọláolú, èmi ni mo ju agogo yẹn sódò.”

Ọláolú gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Zoe, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, tí kò lè kà á fún un. Ó dá lẹ́tà náà padà fún Gbémiga.

“Kà á, ọ̀dájú. Má sì fo nǹkan kan.”