Ojú Màmá Mi Lára Ìgò Ṣúgà

Ẹ má bẹ̀ mí o. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bẹ̀bẹ̀, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣe. Ẹ ó sì gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó" dípò "wọ́n". Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Oyin ni màmá wa ń sìn nígbà ayé wọn. Kí wọ́n tó kú, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ilé oyin wọn, wọ́n sì fún èmi ní maikirosikóòpù àtijọ́, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, tí wọ́n fi ń yẹ oyin wò kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Idẹ ni gbogbo ara rẹ̀, kò ní iná, dígí kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Kò dùn mí rárá. Awò ojú ni mò ń ṣe fún àwọn èèyàn, dígí ni mò ń gé látàárọ̀ dalẹ́, mo sì fẹ́ràn kinní náà.

Kò pẹ́ tí àwọn kòkòrò oyin fi ṣí lọ pátá, torí ẹ̀gbọ́n mi ò tọ́jú wọn. Àmọ́ ìgò ò tán lórí káńtà ẹ̀. Àwòrán màmá wa ń rẹ́rìn-ín lára gbogbo wọn: "Oyin Màmá, Ojúlówó." Mo tọ́ ọ wò. Ṣúgà ni! Ṣúgà tó sè títí tó fi pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ mi hó.

Màmá ti sọ fún mi rí pé oyin gidi máa ń ní lẹ́búlẹ́bú òdòdó nínú, èyí tí kòkòrò oyin ń kó bọ̀ láti oko. Ṣúgà ò ní in. Mo bá gbé awò tí màmá fún mi lọ síbi tí ẹbí péjọ sí. Ìbínú ò jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán an wò nílé. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ya bo inú awò, gbogbo rẹ̀ funfun báláú, lẹ́búlẹ́bú náà sì mọ́ gaara bí omi débi pé kò hàn rárá. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, wo oyin màmá wa tó kù lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní àwọn ò rí ìyàtọ̀.

"Àbúrò mi," ẹ̀gbọ́n mi ní, "ojú tìẹ gan-an ló nílò awò!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, pé mo fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó rọra ń fọwọ́ gbá mi lórí bí ẹni ń tu ajá lójú. Ọwọ́ yẹn ni mi ò lè dárí jì.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo yọ dígí ìsàlẹ̀ yẹn, mo fi gílóòbù kékeré sípò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n jù, mo bá gé dígí búlúù róbótó lé e lórí, ó wá mọ́ bíi ti ọ̀sán. Síbẹ̀, kò tó mi. Tìbínútìbínú ni mo fi gé dígí mìíràn, mo lẹ bébà dúdú tí kò ju bọ́tìnnì lọ mọ́ àárín rẹ̀, mo tì í bọ abẹ́ awò. Bébà yẹn dí àárín ìmọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ráyè gbà wọlé. Ibi tó bá ṣófo á dúdú kirikiri. Ohun tó bá wà níbẹ̀ á máa tàn. Mo fi omi la oyin màmá wa, mo kán an sí i. Yéè! Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ń tàn yanran, òmíràn ní ẹ̀gún lára, òmíràn ní igun mẹ́ta. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo kán ti ẹ̀gbọ́n mi sí i, mo sì rẹ́rìn-ín títí oníbàárà mi fi béèrè pé ṣé kò sí o.

Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Mo dúró de ọjọ́ tí Ìyá Oníbúrẹ́dì máa wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ló ń ra oyin màmá wa látìgbà tá a ti wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ kí wọ́n máa gba tirẹ̀ sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn. Bàbá Kékeré náà wà níbẹ̀. Mo wọlé tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, mo kí gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti tún awò ṣe. Ẹ bá mi wo oyin yín, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀."

Ó rò pé mo ti gba kámú. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣí ìgò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú sí i, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ó dúdú! O ti ba nǹkan yìí jẹ́. Kò sí nǹkan kan níbí!"

"Ṣé ó dá yín lójú, sà?"

"Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Ẹ̀yin náà, ẹ wá wò ó."

Bàbá Kékeré wò ó. Ìyá Oníbúrẹ́dì wò ó. Wọ́n ní lóòótọ́, kò sí nǹkan kan. Mo wá kán oyin màmá wa, mi ò sì fọwọ́ kan ohunkóhun lára awò. Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹjú mọ́ ọn, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbórí sókè.

"Òdòdó ló kún ibí," wọ́n ní. "Ìyá yín ti fi hàn mí rí." Wọ́n kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹnu ẹ lo sì fi sọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan nínú tìẹ."

Bàbá Kékeré ń wolẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé báàgì wọn, wọ́n jáde.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó jáde síta. Ọmọ ìyá ni wá o."

"Ìyá wo? Èyí tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ṣúgà?"

Mi ò ní kó kúnlẹ̀. Mo ní kó bó àwòrán màmá mi kúrò lára gbogbo ìgò, lójú mi, bí ò bá fẹ́ kí n gbé awò náà jáde sígboro. Ìgò kún káńtà, ó kún abẹ́ káńtà. Mo fa àga, mo jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ ọ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ gọ́ọ̀mù yẹn le. Àwòrán náà ń ya. Ó na ìgò kan sí mi: ẹnu màmá wa, tó ń rẹ́rìn-ín, ti ya sí méjì.

"Wò ó," ó ní, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Màmá ni. Ṣé kí n dúró?"

Omi ń bọ́ lójú tèmi náà. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò bá a sọ̀rọ̀ láìfi "ẹ" sí i rí.

"Máa bó o lọ," mo ní.