Pèrègún Ilẹ̀ Àǹtí Sìlífátù

Tí wọ́n bá ti kírun alásàárì tán nílé wa ní Ìjemọ̀, àríyànjiyàn ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Jùbrílù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ta aṣọ ní Kùmásì títí ìjọba ibẹ̀ fi ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn. Wọ́n ní kò síbi tí ilẹ̀ ti rọrùn láti sọ di tẹni bí i Gáná: gbé ọtí lọ bá olóyè, kí ó ta á sílẹ̀, ó parí. Búròdá Herbert ará Aké, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, á ní ìyẹn ò tíì tó nǹkan. Ní tọ̀hún, lọ́yà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Onílé á jókòó ti tíì rẹ̀, pósítì á gbé ìwé wá bá a.

Àǹtí Sìlífátù, àbúrò Bàbá Jùbrílù, ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Wọ́n ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Ògúntìmẹ́hìn, àgbẹ̀ kan ní Adígbẹ, wọ́n sì búra pé àwọn ò ní to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù títí ìwé ìjọba yóò fi jáde. Títí dìgbà náà, yàrá kan ṣoṣo ni àwọn àtàwọn ọmọ wọn há mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ò kọ́lé sí Kùmásì,” ni wọ́n wí. “Àti pé ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ tún ń gbé ọtí kiri.”

“Mo gbé e,” ni Bàbá Jùbrílù dáhùn, “ta ló rí i lẹ́nu mi?”

Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ilẹ̀ rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Olúbọ̀dé, wá yẹ ilẹ̀ náà wò, gbogbo wa sì bá a lọ, títí kan Búròdá Herbert. Òkúta sìmẹ́ńtì mẹ́rin tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́ igun rẹ̀ ló fẹ́ rí. A wá a títí nínú iṣu tí Bàbá Ògúntìmẹ́hìn ṣì ń gbìn síbẹ̀, a ò rí ẹyọ kan. Olúbọ̀dé rọra sọ pé bí òkúta ò bá sí, ìwé gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí jókòó sórí ebè.

Mosúnmọ́lá, ìyàwó àgbẹ̀ náà, ní ká wá mumi ní ahéré. Ó ń se iṣu lọ́wọ́. Àǹtí na ìka sídìí ìkòkò. Òkúta ìjọba mẹ́ta ló gbé ìkòkò ró, nọ́ńbà ara wọn ti dúdú. Bàbá Ògúntìmẹ́hìn fúnra wọn ló jókòó lórí ìkẹrin.

“Ọkọ́ mi ló kàn wọ́n,” ni bàbá wí. “Mo rò pé àwọn èèyàn yẹn gbàgbé ẹrù wọn ni. Ààrò mẹ́ta kì í sì í da ọbẹ̀ nù.”

Búròdá Herbert rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi bọ́. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. “Bàbá, pèrègún tẹ́ ẹ gbìn lọ́jọ́ tí mo ra ilẹ̀ ńkọ́?”

Ojú bàbá le. “Ta ló máa fọwọ́ kan ìyẹn? Ààlà ni.”

A padà. Nínú koríko, pèrègún dúró ní igun kọ̀ọ̀kan, ihò òkúta sì wà nídìí rẹ̀. Olúbọ̀dé ta okùn láti ọ̀kan dé èkejì, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó bára mu. Kí wọ́n ṣáà dá òkúta padà. Ìwé á máa lọ síwájú.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, Bàbá Jùbrílù jẹ́wọ́ pé pèrègún náà ni wọ́n fi ń pààlà ní Kùmásì. Gbogbo wa wo Búròdá Herbert. Wọ́n nu awò wọn.

“Ilé tí mo gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, igi ọgbà la máa ń wò tá a bá fẹ́ mọ ààlà.”

“Kí wá lẹ ń bára yín fà á sí?” ni Àǹtí bi wọ́n.

“Tiwa ṣì yá jù,” ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé jáde kí Iléyá tó dé. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tó kọ́kọ́ gbẹ, Àǹtí ò tò ó mọ́ ìpìlẹ̀. Orí la fi rù ú lọ fún Mosúnmọ́lá, nítorí ààrò tirẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.